Láti Orí Rírọ Dé Orí Ṣíbí: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Fún Ọmọ Kékeré ní Oògùn ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ lórí ewé àti egbò tí Yorùbá fi ń wo ọmọ sàn, wọ́n sì ti kọ púpọ̀ lórí ọfọ̀ tí ń bá wọn rìn. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí ni ọ̀nà tí oògùn ń gbà dé ọ̀fun ọmọ tí kò fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ọ̀nà náà láti ayé àgbo títí dé ayé oògùn olómi dídùn àti oògùn oníkóró tí ń yọ́ nínú omi. Èrò wa ni pé oògùn ti yí padà léraléra, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń fún ọmọ kò bá a yí padà bí ó ti yẹ, àti pé àlàfo tí ó wà láàárín oògùn àti ọwọ́ yìí ni ewu ti ń wọlé.

Ìfáàrà

Kò sí ìyá tí kò mọ ìjà yìí. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná yóò pa ẹnu dé, yóò yí ojú sí apá kan, yóò sì fi ẹsẹ̀ ta igbá dànù. Ọmọ jòjòló kò ní agbára tí yóò fi kọ oògùn; ọmọ tí ó ti pé ọdún 6, a lè fi ọ̀rọ̀ tù ú títí yóò fi gbà. Ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 1 sí ọdún 3 ni wàhálà pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ jù, nítorí pé ó ti lágbára tó láti kọ̀, kò sì tí ì ní òye tó láti gbọ́ àlàyé. Yorùbá máa ń sọ pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Àìmọ̀kan ọmọdé ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fún ọmọ ní àgbo rí yóò mọ̀ pé ì bá dùn bí ọmọ bá lè ṣi oògùn pè ní ẹ̀fọ́ lóòótọ́. Ahọ́n ọmọ ọdún méjì mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ ju bí a ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni yóò ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Oúnjẹ nìkan kọ́ ni òbí ń fi sínú àpò ọmọ. Igò oògùn máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òbí yóò sì sọ fún olùkọ́ pé kí ó bá òun fún un ní aago méjìlá. Olùkọ́ náà yóò ṣe é bí wọ́n ti ṣe é fún òun náà ní kékeré. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ bí wọ́n ṣe ṣe é fún wa, àti ohun tí ó fà á tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí inú èdè

Kí á tó dé orí àkọsílẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ nípa àgbàlagbà, wọn á ní ó mu àgbo, ó lá ẹ̀tù, ó fi ẹ̀kọ gbígbóná mu àgúnmu. Òun ni olùwà nínú gbólóhùn. Òun ni ó ń ṣe é. Bí ó bá kan ọmọ kékeré, gbólóhùn yí padà: wọ́n rọ ọmọ ní àgbo. Ọmọ ti di àbọ̀, àgbo sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a ń lò bí a bá ń rọ epo sínú ìgò tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ìgò kì í gbà, kì í kọ̀. Ẹni tí ó ń rọ epo sínú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé kí ó má dà á sílẹ̀.

Láàárín “mu” àti “rọ” ni “fún” wà. Ẹni tí a fún ní nǹkan lè gbà á, ó sì lè má gbà á. “Lo oògùn” tún dé lẹ́yìn, ó sì sábà máa ń bá oògùn òyìnbó rìn, èyí tí ó ní ìwọ̀n, tí ó ní aago, tí ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. A kì í sábà gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń lo àgbo ní ṣíbí kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, àyàfi ní ayé ìsinsìnyí tí àwọn elégbòogi ń fi àgbo sínú ike tí wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n sí i lára.

Àwọn kan lè sọ pé a ń ka ohun púpọ̀ jù sínú ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àwọn ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe, a ó rí i pé èdè kò purọ́.

Bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ

Ìyá àgbà ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà, pàápàá bí ọmọ bá jẹ́ àkọ́bí tí ìyá rẹ̀ kò tí ì mọ ọwọ́ rẹ̀. Àkókò ìwẹ̀ ni, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà yóò jókòó lórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò sì tẹ́ ọmọ sí orí itan ní ẹ̀yìn, orí rẹ̀ yóò rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìdí lọ. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbá ìsàlẹ̀ ètè ọmọ mú, yóò sì kó àwọn ìka jọ kí wọ́n lè rí bí ọ̀nà omi. Ọwọ́ ọ̀tún ni yóò máa fi bu àgbo láti inú igbá, tí yóò máa dà á sínú ọwọ́ òsì, ibẹ̀ ni yóò sì gbà ṣàn wọ ẹnu. Bí ọmọ bá kọ̀ tí kò gbé e mì, ìka òsì kan náà yóò bo imú rẹ̀ díẹ̀. Ọmọ tí kò rí èémí fà ní imú yóò la ẹnu, bí ó bá sì ti la ẹnu, kò sí ohun tí ó kù ju pé kí ó gbé e mì lọ. Lẹ́yìn èyí ni ìyá àgbà yóò gbé e dìde, yóò gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, yóò fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, yóò sì máa kì í ní oríkì títí ẹkún yóò fi dáwọ́ dúró. Òwe ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Nínú rírọ, ọwọ́ méjèèjì ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Fífà-mọ́ra di ẹ̀yìn.

Àgbo nìkan kọ́ ni wọ́n ń rọ. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi ń fún ọmọ ní ògì nígbà tí ó bá ń kọ oúnjẹ. D. B. Jelliffe kọ àpilẹ̀kọ lórí bí àwọn Yorùbá Ìbàdàn ṣe ń bọ́ ọmọ ọwọ́ ní 1953. Ní 1991, àwọn oníwádìí tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kwara tẹ àbájáde jáde lórí bí fífi ọwọ́ rọ ọmọ ní oúnjẹ ṣe wọ́pọ̀ tó níbẹ̀. Ohun tí ìyá àgbà kà sí ìtọ́jú ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwádìí.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe é báyìí? Ẹni tí ó bá pè é ní ìwà ìkà kò tí ì wo irú oògùn tí àgbo jẹ́. Àgbo pọ̀, kò ki. Ewé, egbò àti èèpo igi ni a sè nínú ìkòkò tàbí tí a rẹ sínú omi-dùn orí ògì, a sì ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kì í ṣe ṣíbí kan ni ìyá àgbà ń wá kí ó wọlé. Ẹ̀kún igbá kékeré ni, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí omi ìwẹ̀ tó tutù. Bí ọmọ bá pọ̀ ọ́ dànù, kò sí ohun tí ó bàjẹ́: ìkòkò ṣì kún, a ó bu òmíràn. Kò sí ẹni tí ń bẹ̀rù pé ó ti pọ̀ jù. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ó yá kánkán tí ó sì dájú ni rírọ.

Ìdí kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ayé tí ibà, gìrì àti ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ lọ́tùn-ún lósì, tí ọ̀rọ̀ àbíkú sì wà ní ẹnu gbogbo ìdílé, ìyá tí ó bá dúró de ìgbà tí ọmọ yóò gbà tinútinú lè dúró títí ọmọ yóò fi kú. Àánú ni ó wà nídìí ipá náà. Bí a kò bá fi èyí sí ọkàn, a kò ní lóye ìdí tí ó fi ṣòro fún àwọn nọ́ọ̀sì láti gba ọ̀nà náà kúrò lọ́wọ́ àwọn ìyá.

Àwọn ọ̀nà tí kò gba ẹnu

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwòsàn ọmọdé ni ó gba ìjà. Bí a bá ka àwọn oríṣi oògùn ìbílẹ̀ tí a fi ń tọ́jú ọmọ, a ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò kan ọ̀fun rárá. Àgbo ìwẹ̀ wà, àdín wà, tí a fi ń ra ọmọ lára nígbà tí ara rẹ̀ bá ń gbóná, ọṣẹ wà, gbẹ́rẹ́ wà, tí a sín tí a sì fi ẹ̀tù ra á, òǹdè àti ìfúnpá wà. Ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú náà lè mu àgbo fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé yóò gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Àwọn kan ń fi oyin ra ahọ́n ọmọ kí wọ́n tó fún un ní ohun kíkorò, bẹ́ẹ̀ ni ewúro kan náà tí wọ́n ń gbìyànjú láti mú kí ó gbé mì ni wọ́n fi ń ra orí ọmú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ já a lẹ́nu ọmú. Ọmọ ti tipa bẹ́ẹ̀ kọ́ pé ohun kíkorò ni àmì pé kí òun kọ̀, kò sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu nígbà tí ó bá kọ̀ ọ́ nínú igbá.

Omi náà wà. Àwọn olùbọ Ọ̀ṣun gbà pé omi tútù lásán lè wo ọmọ sàn. Nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè Oòyè, Iléṣà, ní oṣù Keje 1930, omi tí a gbàdúrà sí ni ọ̀pọ̀ èrò ń gbé lọ sílé, tí wọ́n sì pa àgbo àti oògùn òyìnbó tì. Ẹ̀sìn kọ́ ni iṣẹ́ wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n òpìtàn gbọ́dọ̀ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fún ọmọ mu fún ìwòsàn, omi nìkan ni ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ jà lé lórí.

Kuníní, ọsibítù àti abẹ́rẹ́

Oògùn òyìnbó dé pẹ̀lú ìkorò tirẹ̀. Ní 1854, Dókítà William Balfour Baikie fi kuníní dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ Pleiad lórí Odò Ọya, kò sì sí ẹni tí ibà pa nínú wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó ti gbẹ́kẹ̀ lé e. Nígbà tí William MacGregor, tí òun náà jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó ní 1899, ó fẹ́ kí kuníní dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1901 ni àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó dá ẹgbẹ́ Lagos Ladies' League sílẹ̀, tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé láti bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ọmọ àti láti pín kuníní.

Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àwọn ilé náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, oògùn tí ó kéré tí ó sì le ti bọ́ sí ọwọ́ ìyá tí ó mọ oògùn tí ó pọ̀ tí kò sì le. Kuníní korò ju ewúro lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, díẹ̀ náà sì ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ọmọ bá pọ̀ ọ́, ìyá kò lè mọ èyí tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Bí ó bá tún un fún un, ó lè di ìlọ́po méjì; bí kò bá tún un fún un, ó lè má tó. Ìṣòro yìí kò sí nínú àgbo. Ọwọ́ kan náà ni ó sì ń fún ọmọ ní méjèèjì.

Ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀: ti Sacred Heart ní Abẹ́òkúta ní 1895, ti Wesley Guild ní Iléṣà ní 1912. Iléṣà yìí ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ láti 1956 sí 1961, òun ni ó sì dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti wà ní ọwọ́ ìyá, tí kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ọsibítù. Káàdì náà tàn ká gbogbo ayé. Ó fi ìyá ṣe alábàáṣiṣẹ́, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré ní ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yanjú ìjà ẹnu fún ọ̀pọ̀ ìdílé ni abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ dà bí gbẹ́rẹ́: ó gba awọ ara wọlé, kò bá ahọ́n sọ̀rọ̀. Ìyá tí kílórókúnìn olómi ti dà sí láṣọ lẹ́ẹ̀mẹta yóò fúnra rẹ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí ó gún un lábẹ́rẹ́. Ewu rẹ̀ kò hàn kíákíá. Abẹ́rẹ́ tí a kò gún sí ibi tí ó yẹ lè pa iṣan ẹsẹ̀ ọmọ lára, abẹ́rẹ́ ìdí fún ọmọ tí kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wà lára rẹ̀ sì lè mú kí àìsàn náà rọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun mìíràn tún tẹ̀lé e. Abẹ́rẹ́ di ohun tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọ: “Bí o kò bá mu ún, dókítà yóò gún ọ.” Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ. Ọmọ gbé oògùn mì lónìí, ó sì ń ké bí ó bá rí ẹnu ọ̀nà ọsibítù lọ́la.

Ìtọ̀ màlúù àti ọmọ tí gìrì gbé

Ibi tí rírọ ti burú jù lọ nínú ìtàn yìí ni ọ̀rọ̀ gìrì. Ara ọmọ tí gìrì gbé ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ pa pọ̀, ojú rẹ̀ yí. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò kọ oògùn. Kò sí nílé láti kọ̀ ọ́. Oògùn tí ọ̀pọ̀ ìdílé gbẹ́kẹ̀ lé ni àdàlù ìtọ̀ màlúù, tí a fi ewé tábà, aáyù, àlùbọ́sà, ẹ̀fínrin, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ òkúta sí. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, ó sì ń pa agbára mímí lára. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n gbé dé ọsibítù ni wọn kò jí mọ́, ibà tí ó fa gìrì sì lè má jẹ́ òun ni ó pa wọ́n.

Ìwádìí náà fi ojú sí ohun tí ó wà nínú igbá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. A fẹ́ fi kún un pé bí omi ẹ̀kọ lásán ni ó wà nínú igbá náà, ewu ṣì wà. Ẹni tí kò sí lójú ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì. Ohun tí a bá rọ sí i lẹ́nu yóò ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, yóò dí èémí tàbí kí ó di òtútù àyà. Ọmọ tí ń ké tí ń jà wà nínú irú ewu yìí pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ tó ti ọmọ tí gìrì gbé, nítorí pé ẹni tí ń ké ń fa èémí sínú pẹ̀lú agbára ní ìṣẹ́jú tí omi wà ní ọ̀fun rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà mọ ewu náà dáadáa. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń gbé ọmọ dìde kíákíá tí wọ́n sì ń gbá a lẹ́yìn. Wọ́n ní ó pá a lórí, àti pé yóò kọjá. Ó sábà máa ń kọjá lóòótọ́. Ti ọmọ tí kò kọjá fún ni a ń sọ.

Omi oníyọ̀ àti ṣúgà

Ọjọ́gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, wà lára àwọn tí wọ́n mú kí omi oníyọ̀ àti ṣúgà di ohun tí gbogbo ilé mọ̀. A óò fi igò bíà kan tàbí igò mínírà méjì wọn omi tí ó mọ́, a óò fi ṣíbí kékeré kan iyọ̀ sí i àti ṣíbí kékeré mẹ́wàá ṣúgà tàbí kóró ṣúgà márùn-ún. Rédíò kéde rẹ̀, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí ara ògiri ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. (Àpò iyọ̀ tí a ti pò ní ìwọ̀n ni wọ́n ń gbà wá níyànjú láti lò jù lónìí.)

Òpìtàn gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé nǹkan tuntun ni èyí jẹ́. Oògùn yìí pọ̀ bí àgbo, ó wà ní ìkáwọ́ ìyá bí àgbo, inú ilé ìdáná ni a sì ti ń pò ó. Bí a bá wo òde rẹ̀ lásán, a ó ní ohun tí ó yẹ kí á rọ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu kò lè gba omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá rọ ọ́, yóò bì í jáde pẹ̀lú èyí tí ó kù nínú rẹ̀. Ṣíbí kan, kí á dúró díẹ̀, ṣíbí kejì. Bí ó bá bì, kí á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí á tún bẹ̀rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Igò kan lè gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Lójú tiwa, èyí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ó lọ tààrà sí ọwọ́ ìyá dípò kí ó lọ sí inú ìkòkò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá rántí ìwọ̀n iyọ̀ àti ṣúgà títí di òní. Bóyá wọ́n rántí ṣíbí-kan-kí-o-dúró bákan náà, a kò rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé igò ni àwòrán ara ògiri sábà máa ń fi hàn ju ọwọ́ lọ.

Ní ìgbà yìí kan náà ni ètò kan ní Ìpínlẹ̀ Kwara ṣe Ẹ̀kọ Ìlera, ògì tí a fi ẹ̀wà, ọkà tí a mú hù, epo pupa àti ṣúgà sí, fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Inú ohun tí ìyá ti mọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n ni èyí jẹ́. Lẹ́yìn 1991, tí ètò ilé ìwòsàn tí ó fẹ́ràn ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀, ọmú nìkan ni wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n fún ọmọ tuntun, láìsí àgbo, láìsí omi. Láti 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi gbèdéke rẹ̀ sí oṣù mẹ́fà. Ó kéré tán, ọmọ jòjòló bọ́ lọ́wọ́ rírọ ní ilé tí wọ́n bá ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Adùn tí ó pa ọmọ

Àwọn tí ń ṣe oògùn ti gba ọ̀nà mìíràn láti tipẹ́: bí ọmọ kò bá fẹ́ ìkorò, kí á mú ìkorò kúrò. Láti 1851 tí William Woodward ti ṣe Gripe Water ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni oògùn olómi dídùn ti ń tà, ó sì pẹ́ tí ó ti dé orí pẹpẹ àwọn kẹ́místì wa. Pàrásítámọ́ọ̀lù olómi tẹ̀lé e, oògùn ikọ́ tẹ̀lé e, oògùn eyín náà tẹ̀lé e. Ọmọ ń lá ṣíbí, ó tún ń tọrọ sí i. Ìjà parí.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń sọ oògùn di omi tí ó dùn ní ìtàn búburú. Ní Amẹ́ríkà ní 1937, ilé iṣẹ́ kan fi diethylene glycol yọ́ oògùn sulfanilamide kí ó lè di olómi. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó pa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Májèlé náà dùn lẹ́nu, kò sì wọ́n tó ojúlówó ní ọjà. Ní 1990, ó wọ inú pàrásítámọ́ọ̀lù olómi ní Nàìjíríà. Ọmọ 47 ni ó kú ní Jos, àwọn kan sì kú ní Ìbàdàn. Láàárín ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó tún wọ inú oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Ọmọ 84 ni ó kú. Àjọ NAFDAC ti ilé iṣẹ́ náà pa, ní 2013 sì ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ní 2022, májèlé kan náà wà nínú oògùn ikọ́ tí ó pa ó kéré tán ọmọ 66 ní Gambia.

Àwọn ìyá wọ̀nyí kò rọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ṣíbí fún ọmọ bí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe, ọmọ sì gbà á tinútinú. Eyín tí ń yọ kì í tilẹ̀ ṣe àìsàn. Ní ayé àgbo, ìyá àgbà mọ igi tí ó ti bọ́ èèpo. Ní ayé igò, kò sí bí ahọ́n ìyá ṣe lè mọ ohun tí ó wà nínú adùn náà. Èyí ni iye tí a san fún ìjà tí ó parí, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ nínú ìtàn nítorí pé ó ń dun ni.

Kóró tí ń yọ́ nínú omi

Ní 2005, Nàìjíríà fi kílórókúnìn sílẹ̀, ó sì mú oògùn alápapọ̀ ACT fún ibà. Kò sí ọmọ tí yóò ṣàárò kílórókúnìn, tí ó korò tí ó sì tún ń mú kí ara yún. Ní 2009 ni Coartem Dispersible dé, kóró tí ń yọ́ nínú omi díẹ̀ tí ó sì ní adùn èso. Zinc fún ìgbẹ́ gbuuru, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF dámọ̀ràn ní 2004 fún ọjọ́ 10 sí 14, wà ní irú kóró bẹ́ẹ̀, amoxicillin fún òtútù àyà náà sì ń wà bẹ́ẹ̀. Kóró kò nílò omi dídùn tí a kò mọ orísun rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kì í yẹ̀, omi ṣíbí kan tó o. Bí ọmọ bá pọ oògùn ibà yìí láàárín wákàtí kan, a óò tún un fún un. Ìyá tí ń rọ ọmọ tí ó sì ń rí i tí ó ń bì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta yóò tètè rí i pé kóró tí wọ́n kà fún òun ti tán kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé.

Nígbà tí Nàìjíríà gba ìlànà ìtọ́jú àpapọ̀ fún àìsàn ọmọdé, IMCI, ní 1997, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ wa mọ̀. Nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kan gbé oògùn lé ìyá lọ́wọ́. Yóò fi bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n hàn án, yóò wò ó bí òun náà ṣe ń wọ̀n ọ́n, yóò sì ní kí ó fún ọmọ ní ti àkọ́kọ́ níbẹ̀, ní ojú òun. Ọwọ́ ìyá ti di ohun tí a ń wò. Ní ibi tí èrò bá pọ̀ tí nọ́ọ̀sì sì jẹ́ ẹyọ kan, ìgbésẹ̀ kẹta yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sọ nù, a sì ti rí i bẹ́ẹ̀ ní ibi púpọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn tí ń pín oògùn aràn fún ọmọdé, nítorí pé àwọn ọmọ kan ti kú nígbà tí kóró há wọn ní ọ̀fun. Wọ́n ní kí á lọ kóró fún ọmọ kékeré kí á sì pò ó mọ́ omi. Kí á má ṣe fi ipá fún ọmọ tí ń ké tàbí tí ń jà. Kí á má ṣe di imú rẹ̀. Kí á má ṣe tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ka ìlànà náà ní ilẹ̀ yìí yóò rí i pé rírọ ni wọ́n ń ṣàpèjúwe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó kọ ọ́ lè má gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí.

Ọmọ ọdún méjì tí ó jókòó gbọnrangandan lórí itan, tí a fi ṣíbí tàbí síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán oògùn sí ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí a sì dúró kí ó gbé e mì kí á tó kán òmíràn, kì í pá lórí bẹ́ẹ̀. Ó gba àkókò. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí ó ní ọmọ ogún níwájú kò fi bẹ́ẹ̀ ní àkókò náà, nítorí náà ó tọ́ kí ilé ẹ̀kọ́ yan ẹni kan fún iṣẹ́ yìí, kí ó má jẹ́ pé ẹni tí ó bá ṣáà wà nítòsí ni yóò ṣe é. Kí ẹni náà má gba oògùn kankan láìjẹ́ pé ìwé wà pẹ̀lú rẹ̀ tí ó sọ orúkọ ọmọ, orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti aago rẹ̀. Bí ọmọ bá sì kọ̀ ọ́ títí, kí ó pe òbí rẹ̀ lórí fóònù, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ọmọ kò lo oògùn aago méjìlá.